Bí mo ṣe ya Òrùka ojú ọ̀run láti Kubwa

Oṣù Ọkitóbà ni mo dúró dè. Ní Àbújá, òjò á ti ń dáwọ́ dúró nígbà náà, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Tí eruku ọyẹ́ bá fi dé, ojú ọ̀run á funfun bí omi ògì, ó parí nìyẹn. M57 ni mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ìkùukùu gáàsì tí wọ́n ń pè ní Òrùka, nítòsí ìràwọ̀ Vega.

"Planetary nebula" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, àmọ́ kò bá pílánẹ́ẹ̀tì tan rárá. William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀, ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1785, torí wọ́n rí róbótó bíi pílánẹ́ẹ̀tì lójú rẹ̀. Ìràwọ̀ bí oòrùn wa ló darúgbó tó bọ́ ẹ̀wù gáàsì ara rẹ̀ dànù. Kókó gbígbóná tó ṣẹ́ kù láàárín ló ń mú gáàsì náà tàn.

Kí tẹlisíkóòpù tó lè máa yí tẹ̀lé ìràwọ̀, ó yẹ kí n fi Polaris, ìràwọ̀ tó ń tọ́ka àríwá, tọ́ ọ sọ́nà. Láti Àbújá, Polaris ò ju nǹkan bíi dìgírì 9 sókè ilẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn táǹkì omi aládùúgbò wa gan-an ló sá sí. Kọ́ńpáàsì fóònù ni mo fi wá àríwá. Kò gún tó, torí náà ìṣẹ́jú àáyá 20 ni mo ń ṣí kámẹ́rà tòkunbọ̀ mi sí lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di 30, ìràwọ̀ á gùn bí ìrẹsì.

Ibi kí àwòrán hàn kedere (fókọ́ọ̀sì) ló gbà mí lákòókò jù. Mo fi bíléèdì la páálí Indomie sí ojú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, apá kan gún, apá méjì dagun, mo fi bo ẹnu tẹlisíkóòpù, mo kọjú rẹ̀ sí Vega. Ìmọ́lẹ̀ náà di ìlà mẹ́ta: méjì kọjá lára ara wọn, ẹ̀kẹta sì gbọ́dọ̀ la àárín wọn gbùngbùn. Mo yí fókọ́ọ̀sì díẹ̀, ìlà ẹ̀kẹta kọjá àárín. Mo dá a padà, ó tún kọjá. Ogún ìṣẹ́jú! Ìgbà tó wá bọ́ sí i, mo gbàgbé páálí sẹ́nu rẹ̀, mo fi ya 15 àkọ́kọ́, gbogbo ìràwọ̀ hu irùngbọ̀n.

Ni wọ́n bá mú iná. Àdúgbò ṣú dùdù, mo dúpẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

180 ni mo yà, 133 ló ṣeé lò. Ẹyọ kan péré dà bí ìgbà tí èèyàn fi ìka eérú kan ògiri. Mo fi Siril, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, tò wọ́n léra: ìdọ̀tí inú fọ́tò kì í bọ́ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìmọ́lẹ̀ Òrùka kì í sì í kúrò lójú kan, torí náà ìdọ̀tí ń rẹlẹ̀, òun ń yọ. Inú rẹ̀ jáde láwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ ewé, iṣẹ́ ọ́síjìn nìyẹn. Etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ti háídírójìn àti náítírójìn. Ì bá pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ gíláàsì inú kámẹ́rà ń dènà púpọ̀ nínú pupa yẹn.

Kì í kúkú ṣe òrùka pẹlẹbẹ. Odó ni, tí a ń wò láti ẹnu: ara odó ló mọ́lẹ̀ jù, torí gáàsì tí ojú wa ń là kọjá níbẹ̀ pọ̀, inú rẹ̀ náà ò sì ṣófo. Ìràwọ̀ àárín ò jáde ní tèmi, ó ti ṣókùnkùn jù.

Mo gbé e fún Ìyá Ṣéun. "Bàbá Ṣéun, láti ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀fọn ti ń jẹ yín, ohun tí ò tó bọ́tìnnì yìí náà ni?"

Mo ní ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rìn ju 2,000 ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní kí n wá jẹun.