Bí Kristẹni Ṣe Lè Fi Ojú Ìwé Mímọ́ Wo Kóńgò, Ibà àti Owó Òṣìṣẹ́

Kò sí ẹni tí kò ní ojú tó fi ń wo ayé. Kristẹni tó ti ṣèrìbọmi, tó ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ọjọ́ pípẹ́, lè máa fi ojú mìíràn wo owó, àìsàn, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé rẹ̀, kí ó má sì mọ̀ rárá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an kì í jáde nígbà tó bá ń ka Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì. Ìgbà tí ẹ̀rù bá bà á, tí owó bá sọnù, tàbí tí ẹnì kan bá rẹ́ ẹ jẹ, ló máa ń jáde, òwe ló sì sábà máa ń gbé e jáde. Nítorí náà, etí ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: kí ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹnu ara yín ń sọ.

Ohun tí ẹ máa lò kò pọ̀. Ìwé kékeré kan àti bírò, Bíbélì, ìṣẹ́jú 15 lálẹ́, àti ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó lè sọ òótọ́ fún yín láìwojú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá mú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà yóò kọ ìwé gbọọrọ, kò sì ní yí nǹkan kan padà. Ohun náà gbọ́dọ̀ kéré, kí ó sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ má kọ "ọrọ̀ ajé", ẹ kọ "kóńgò tí mo fi ń wọn gàrí". Ẹ má kọ "ìdílé", ẹ kọ "ohun tí mo máa ń sọ nígbà tí ọmọ bá fọ́ àwo".

Ẹ kọ ohun tí ẹ gbà gbọ́ ní ti gidi

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ gbólóhùn kan tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lórí ohun náà. Kì í ṣe èyí tí ẹ máa sọ fún pásítọ̀ o, èyí tí ọwọ́ yín ń tẹ̀ lé ni. Ọlọ́jà lè kọ ọ́ pé: "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Òṣìṣẹ́ ìjọba lè kọ ọ́ pé: "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ." Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lè kọ ọ́ pé: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

A kò sọ pé òwe jẹ́ ọ̀tá ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá Ìwé Mímọ́ mu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ga ju ìbéèrè lọ. Ẹ wo "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́". Òótọ́ ni, Òwe 10:4 sọ ohun tó jọ ọ́. Síbẹ̀, Jẹ́nẹ́sísì 2:15 fi hàn pé Ọlọ́run ti fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa tọ́jú rẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé, àti kí òógùn iwájú orí 3:19 tó dé. Iṣẹ́ ti wà kí ìṣẹ́ tó wà. Ẹni tó bá rí èyí kò ní fi ojú ẹni ègún wo ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rò pé òun kò wúlò mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún òun ní ìwé ìfẹ̀yìntì.

Ìbéèrè mẹ́rin

Ní alẹ́ kejì sí ìkẹta, ẹ bi gbólóhùn yẹn ní ìbéèrè mẹ́rin, ẹ tẹ̀ lé wọn báyìí, ẹ má fò kankan.

Èkíní: kí ni Ọlọ́run dá ohun yìí fún? Ìṣòwò, owó, oúnjẹ, orin, òfin, àjọṣe tọkọtaya, gbogbo wọn ní ire kan tí a dá wọn fún. Ẹ wá ire náà kí ẹ tó wá ẹ̀ṣẹ̀. Èkejì: níbo ló ti wọ́? Ẹ dárúkọ ibi náà gan-an, pẹ̀lú iye owó tàbí iye wákàtí. Ẹ̀kẹta: kí ni Kristi ń tún ṣe níbẹ̀, kí sì ni ipa tèmi? Ẹ̀kẹrin: kí ni yóò kù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá dán iṣẹ́ olúkúlùkù wò, gẹ́gẹ́ bí Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 3:13 ti wí?

Èkíní ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ máa ń fò. Ìjọ tó bá fò ó yóò máa pe ọjà àti òṣèlú ní ohun ìdọ̀tí, àwọn tó lè ṣe é dáadáa yóò sá fún un, a ó sì wá máa ráhùn pé èèyàn burúkú ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fò èkejì yóò gbàdúrà ìbùkún lé ohun gbogbo lórí, títí kan owó tí kò yẹ kó gbà.

Ìdáhùn kò gbọdọ̀ wá láti inú ẹsẹ kan tí a já bọ́. Ẹ ka odindi orí, sókè, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ pẹpẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba rìbá yìí ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Inú Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 9:13 ló ti wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 14 fi hàn pé ẹ̀tọ́ àwọn tó ń wàásù ìhìnrere ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, pé kí wọ́n máa jẹun nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ní ẹsẹ 15, ó ní òun kò lo ìkankan nínú ẹ̀tọ́ yìí. Ẹni tó kọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ la wá sọ di ẹlẹ́rìí fún ẹni tó ń gba ohun tí kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹsẹ méjì péré tí wọn kò kà ló fa gbogbo rẹ̀.

Kóńgò: ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é tán

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tó ń ta gàrí. Ire ìṣòwò ni pé ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀, kí olúkúlùkù sì jèrè. Ibi tó ti ń wọ́ kò ṣòro rí: wọ́n á fi òòlù lu ìdí kóńgò wọ inú, wọ́n á fi nǹkan dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní méjì, ńlá fún rírà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kékeré fún títà. Diutarónómì 25:13-15 mọ ìwà yìí dáadáa, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kó òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré sápò. Òwe 11:1 ní ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí nílé. Ẹ wá kóńgò tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ fi ìgò omi oní-50cl kan náà bu omi sínú tuntun títí yóò fi kún dé etí, ẹ ka iye ìgò. Ẹ wá ṣe bákan náà sí èyí tí ẹ ń lò. Bí ó bá fi ìdámẹ́wàá dín, tí ẹ sì ń ta 20 kóńgò lójúmọ́, kóńgò méjì ni ẹ ń mú lójúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé yín. Ẹ kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀. Èénì kò sì lè tún èyí ṣe. Ẹ̀bùn ni èénì, gbèsè sì ni ohun tó dín nínú kóńgò.

Lẹ́yìn náà ni ìgbésẹ̀. Ẹ ju kóńgò yẹn nù. Ẹ má tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ tún iye owó ṣírò ní gbangba: bí kóńgò pípé kò bá lè mú èrè wá ní iye ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi owó lé e, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà. Ní ti ohun tó ti lọ, Léfítíkù 6:5 ní kí a dá a padà lódindi, kí a sì fi ìdámárùn-ún lé e. Sákéù, ní Lúùkù 19:8, ní òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn oníbàárà tí ẹ mọ orúkọ wọn.

Ọ̀pọ̀ ló ń já síhìn-ín. Wọ́n á gbọ́ pé Ọlọ́run yóò fi ìlọ́po méjì san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí oníbàárà bá wá dín kù, wọ́n á padà sídìí kóńgò àtijọ́ pẹ̀lú ìbínú sí Ọlọ́run. Òtítọ́ lè kùtà fún ìgbà díẹ̀, òwe yẹn kò parọ́ ní apá yẹn. Ẹ ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ lè fara da èrè kékeré, kí ẹ dín owó tí kò pọn dandan kù, kí ẹ sì sọ fún ọkọ tàbí aya yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣúgà inú tíì

Àwọn kan ti ṣe irú èyí rí, èso rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1791, nígbà tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fòpin sí òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ wo ṣúgà tí wọ́n ń bù sínú tíì, wọ́n bi ara wọn léèrè ibi tó ti wá. Oko erékùṣù Karíbíánì ni, níbi tí ẹrú ti ń kú sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin, wọ́n sì yé rà á. Ṣúgà nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun o. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Òfin tó fòpin sí òwò náà jáde ní 1807. Ọkọ̀ ológun tó ń ṣọ́ òkun lẹ́yìn òfin yẹn ló gba ọmọ Òṣoògùn kan, Àjàyí, sílẹ̀ ní 1822. Òun ló di Samuel Ajayi Crowther, tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó jáde lódindi ní 1884.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ ìhìnrere kan nínú Ìjọ Áńgílíkà ní oko ìrèké àti ẹrú ní Barbados. Bíbélì kan náà ni àwọn náà ń kà. Wọ́n kàn kò jẹ́ kó wọ inú oko ni.

Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná

"Ta ló ṣe é?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù pàápàá béèrè irú rẹ̀ ní Jòhánù 9:2, kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, Lúùkù 13:4, ó ní wọn kò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìwé Mímọ́ kò sẹ́ pé agbára òkùnkùn wà. Éfésù 6:12 sọ ọ́ kedere. Ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo àìsàn di iṣẹ́ ọ̀tá. Pọ́ọ̀lù fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó fún Tímótì ní ìmọ̀ràn nípa inú rẹ̀. Lúùkù, oníṣègùn, ló ń bá a rìn.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ gbàdúrà láti wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ọjọ́ kan tó pé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kí ó lò ó tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kejì: omi wo ló dúró sí gọ́tà, àwọ̀n ẹ̀fọn dà? Ẹ má dárúkọ ìyá àgbà kankan nínú agbo ilé. Àṣẹ kẹsàn-án, má ṣe jẹ́rìí èké, kò yọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti lé àwọn opó kúrò nílé ọkọ wọn nítorí ẹ̀fọn, ẹ̀jẹ̀ irú wọn ń ké.

Owó òṣìṣẹ́ àti fóònù

Lórí owó òṣìṣẹ́, Ìwé Mímọ́ kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àlàyé. Diutarónómì 24:15 ní kí a san án kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ka owó bíríkìlà àti lébìrà sọ́tọ̀ sínú àpòòwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀; bí owó kò bá sí, ẹ má pè wọ́n. Ẹ kọ iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kí ẹni méjèèjì ní ẹ̀dà. Ní ti ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ kọ wákàtí tó ń jí àti èyí tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ yín, kí ẹ wò ó.

Ní ti ìròyìn orí WhatsApp, ẹ fi alẹ́ kan sí àárín gbígbà àti fífi ránṣẹ́. Òwe 18:17 ní ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ máa ń dà bí olódodo títí èkejì yóò fi dé. Ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, àti ẹni tí yóò pa lára.

Ìpàdé ìparí ọ̀sẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tàbí lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ jókòó fún wákàtí kan. Kí olúkúlùkù ka gbólóhùn alẹ́ àkọ́kọ́ àti ohun tó ṣe. Ìbéèrè méjì péré ni àwọn yòókù lè bi í: "Kí lẹ ṣe?" àti "Èló ló ná yín?" Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má yẹ pásítọ̀, àna, tàbí gómìnà wò, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ojú yìí wo ẹlòmíràn kì í sábà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá sì kọjá láìná ẹnikẹ́ni ní owó, àkókò, tàbí iyì, ohun tí ẹ ń mú ti rọrùn jù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí olúkúlùkù jẹ́ kí ẹlòmíràn yan tirẹ̀ fún un.