Bí "run" ṣe jẹ èrè mi lórí ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ́tà mẹ́ta péré ló jẹ èrè iṣẹ́ yìí mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ní kí n túmọ̀. Wọ́n ní gbólóhùn tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ni àwọn máa san tó bá tún jáde. "Run" sì ń jáde ṣáá, òun nìkan nínú àpótí tí mo ń kọ ìtumọ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà, láìsí ohun tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀lé e.

Ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, okùn tí à ń fà, ta ni ò mọ̀ wọ́n nílẹ̀ wa? Ìyẹn ò gbà mí lásìkò.

Ìgbà tí mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni ìjàngbọ̀n dé. Ẹnì kan (Ọlọ́run má jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n) ti kọ "run = sáré" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà wọn ò sì gba gbólóhùn tí kò bá ti rí "sáré" nínú ẹ̀. Mo kọ "Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé." Àmì pupa! "Ẹ má sáré jẹnẹrétọ̀ nínú ilé" ló ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ tó ń dá ẹ̀mí sí nìyẹn o: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín ẹ̀, kì í rùn, ẹni tó sùn ò ní fura kó tó pa á. Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé àkójọ. Mo tún kọ. Ẹni tó ń dá mi lóhùn ò gbọ́ Yorùbá rárá.

Ni mo bá to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tí ẹ̀rọ bá ń "run", ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó "run" ẹ̀rọ, ó tàn án. Tí epo bá "run out", ó tán. Wáyà ńkọ́? Fífà là ń fà á. Mo tún fi kún un pé Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ Oxford, ka ìtumọ̀ 645 fún "run" yìí. Ìròyìn ẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Ẹyọ "sáré" kan ni kí n fi san gbogbo ìyẹn? Ìwé tí mo kọ yẹn dùn mọ́ mi nínú ju ìtumọ̀ fúnra ẹ̀ lọ.

Wọ́n yọ "sáré" kúrò. Owó ò sún kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí, ẹ gba àkójọ ọ̀rọ̀ wọn àti fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà kí ẹ tó dá iye. Wọ́n ti tún fi ti ẹ̀rọ ìfọṣọ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ń ka iye "set", ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta mìíràn tí ìtumọ̀ ẹ̀ pọ̀ bíi ti "run", tó wà níbẹ̀, n ò tíì dá wọn lóhùn.