Ìwọ̀n Ooru Inú Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé, Oko àti Ṣọ́ọ̀bù ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ẹni tó bá ń sin ẹran mọ̀ pé ooru ara kì í ṣe ọgba. Èèyàn tí ara rẹ̀ dá wà ní nǹkan bí 37°C, ewúrẹ́ ní nǹkan bí 39, adìyẹ ní nǹkan bí 41. Bí ara ọmọ bá gbóná dé 41, gbogbo ilé á dìde. Bí ti adìyẹ bá wà níbẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ kiri ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú kọ̀ǹpútà rí. Ooru tí yóò gé ẹ̀mí háàdì dísìkì kúrú, ẹ̀yà tó wà nítòsí rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára rárá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé, "Ṣé 70 kò pọ̀ jù?", ẹ kọ́kọ́ bi í pé 70 ti ibo.

Ní ọjà, gbogbo àpótí yẹn la máa ń pè ní CPU. Nínú ìwé yìí, CPU ni ẹ̀yà pẹlẹbẹ tó ń ṣe ìṣirò, tí irin àti fáànù jókòó lé lórí. Pátákó tí a to òun àti àwọn ẹ̀yà yòókù sí ni motherboard.

CPU fúnra rẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní títàn tí kò ṣe iṣẹ́ gidi, 35 sí 50 dára. Bó bá ń ṣiṣẹ́ kárakára, 60 sí 80 kò burú. Ààlà ọ̀pọ̀ CPU Intel orí tábìlì ni 100, ti ọ̀pọ̀ AMD Ryzen ni 95. Bó bá kan ààlà yìí, CPU á dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná, ẹ ó sì rí i pé iṣẹ́ ń wọ́. Bí ooru bá tún gòkè, ẹ̀rọ á kú lójijì. Ọ̀pọ̀ máa ń ka èyí sí fáírọ́ọ̀sì tàbí iná tó ń ṣe ségesège. Ẹ wo ooru ná kí ẹ tó náwó.

Ibi tí ojú kì í dé

Ní ẹ̀gbẹ́ CPU, àwọn ẹ̀yà dúdú kéékèèké kan wà, nígbà mìíràn lábẹ́ irin. VRM là ń pè wọ́n. Àwọn ló ń gba iná 12 volt, tí wọ́n ń sọ ọ́ di nǹkan bí 1 volt tí CPU lè mu, iṣẹ́ yìí sì ń mú ooru jáde. Àwọn tó ṣe wọ́n sábà máa ń fún wọn ní ààlà 125 tàbí 150. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí wọ́n má kọjá 90; bí wọ́n bá ń wà lókè 100 lójoojúmọ́, ẹ wá ìdí rẹ̀. Àwọn fúnra wọn lè fara dà á, ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn kò lè fara dà á.

Aládùúgbò náà ni kapásítọ̀, àwọn tó dà bí agolo kékeré. Lára wọn, a kọ 105°C, tàbí 85°C lára àwọn tó pọ́ọ́kú. Iye yìí kò sọ pé ooru náà kò ní pa wọ́n lára. Iye wákàtí tí wọ́n lè lò níbẹ̀ ni wọ́n ń kà, ó lè jẹ́ 2,000 péré, tí kò pé oṣù mẹ́ta bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àmọ́ bí ooru bá ṣe ń fi 10 wálẹ̀, ẹ̀mí wọn ń di ìlọ́po méjì. Kapásítọ̀ kan náà tó wà ní 65 lè lo nǹkan bí 32,000 wákàtí, ó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Ibí yìí ni ẹ ti máa jèrè ìtọ́jú jù lọ.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀ ní Banex ní Àbújá tàbí ní Farm Centre ní Kánò, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kí ẹ tó sanwó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí orí kapásítọ̀. Orí tó tẹ́ pẹrẹsẹ dára. Èyí tó wú bí ìdérí agolo oúnjẹ tó ti bàjẹ́, tàbí tí omi dúdú ti jáde lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Chipset, ẹ̀yà orí motherboard tó ń so CPU mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù, kò ní wàhálà ní 40 sí 70. Ọ̀pọ̀ SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú bíi ti háàdì dísìkì, ní ààlà 70. Háàdì dísìkì ló lẹ́gẹ́ jù: 60 ni òpin ọ̀pọ̀ nínú wọn, kó má kọjá 50 ló dára.

Ẹ yọ ooru yàrá kúrò

Lọ́sàn-án oṣù Máàṣì, ìta ní Àbújá lè dé 37; Ṣókótó àti Maiduguri máa ń kọjá 40. Bí yàrá bá fi 10 gbóná sí i, inú kọ̀ǹpútà náà á fi nǹkan bí 10 gbóná sí i. Nítorí náà, CPU tó ń kà 65 lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì lè ka 75 lóṣù Máàṣì láìsí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ gbé tẹmómítà tí ẹ fi ń ṣọ́ òròmọdìyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ẹ ṣe iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ ka ooru CPU, kí ẹ yọ ti yàrá kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìyókù sílẹ̀. Bí ìyókù bá jẹ́ 35 lọ́dún tó kọjá, tó wá di 50 lórí iṣẹ́ kan náà, ojú ọjọ́ kọ́ ló fà á. Eruku ni, tàbí fáànù, tàbí péésìtì tí a fi sáàárín CPU àti irin orí rẹ̀ kí ooru lè ráyè kọjá.

Ètò kọ̀ǹpútà bíi HWiNFO tàbí HWMonitor lè ka ooru náà lórí Windows, lm-sensors ló ń ṣe é lórí Linux, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Bí ìlà kan bá ń sọ 127 láàárọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ sùn mọ́jú ní pípa, irọ́ ni. Kò sí ohun tó so mọ́ ojú ìwọ̀n yẹn.

Kí ọyẹ́ tó tán

Láti Nòfẹ́ńbà ni ọyẹ́ ti ń da eruku Sàhárà lé wa lórí, kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ooru á dé. Mo ti tú àpótí kan ní Kubwa tí eruku ti dì bí òwú láàárín fáànù àti irin, afẹ́fẹ́ kankan kò ráyè kọjá. Ìparí Fébúárì ni kí ẹ fi ṣe ìtọ́jú.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù lè jáde. Ẹ gbé e síta, kí ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, kí ẹ wá lo burọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má yí. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ń bá a lọ. Bí péésìtì abẹ́ irin CPU bá ti gbẹ bí ẹrẹ̀, ẹ fi òwú àti spirit nù ún, kí ẹ fi tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbé àpótí padà sórí rọ́ọ̀gì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé e sún mọ́ bátìrì ínfátà. Ẹ jẹ́ kí àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Aṣọ tí a fi ń bò ó, ìgbà tó bá ti kú tó sì ti tutù ni kí ẹ tó bò ó.

Bí ìyókù ooru kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe, kí ẹ sì ní kó wo VRM àti kapásítọ̀, kó má kàn fi péésìtì sí i nìkan. Kí ẹ tó gbé e jáde nílé, ẹ da àkọsílẹ̀ oko àti ìwé gbèsè àwọn oníbàárà sórí flash.