Bí mo ṣe rídìí èéfín búlúù tó ń jáde lára Passat tọ́bò

Màmá kan ló gbé Passat 1.8T ọdún 2003 wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn, wọ́n ti sọ fún wọn níbòmíì pé tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) ti kú, kí wọ́n lọ ra tòkunbọ̀ míì ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta pátì ọkọ̀. Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó. Wọ́n ní "ọmọ mi, ohun tó o bá rí ni kó o sọ fún mi o".

Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó nìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni ìgbà tó ń tú èéfín. Tó bá jẹ́ láàárọ̀ nìkan tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná, mo máa fura sí sílì váàfù (rọ́bà tí kì í jẹ́ kọ́ìlì gba ara váàfù jò sínú sílíńdà), tó bá jẹ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tẹná, ríǹgì ara písítìn. Èéfín funfun tó ki tómi rédíétọ̀ sì ń dínkù, ẹ lọ wo gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn, tọ́bò kàn lè ti yọ hóòsì ni. Ti Màmá yìí, tí wọ́n bá há sí gósílóò tí wọ́n wá tẹná láti gbéra, ìgbà yẹn ni búlúù máa bo gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn.

Mo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ẹ̀ gbẹ, kọ̀m̀préṣọ̀n (agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) wà láàárín 160 sí 170 psi, ìyẹn dáa. Inú sílíńdà kọ́ lọ́ìlì ti ń jó nìyẹn, ó ń gba tọ́bò bọ́ sínú sàlẹ́ńsà ni. Ṣùgbọ́n kí tọ́bò máa da ọ́ìlì yàtọ̀ sí kí tọ́bò kú o! Nígbà tẹ́ńjìnnì tutù mo tú hóòsì ẹnu ẹ̀, mo fìka di ṣáfù ẹ̀ (irin àárín tó ń yí) mú, ó mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ò burú, àmọ́ mo fà á sóde mo tì í wọlé kò yẹ̀ rárá, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ò sì ha ara ilé ẹ̀.

Mo wá ṣíná, mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, afẹ́fẹ́ ń tú jáde púù púù, bẹ́ẹ̀ ṣe ló yẹ kó rọra máa fà á sínú. Àwọn hóòsì tẹ́ńjìnnì fi ń mí ti dí, ọ̀kan tiẹ̀ ti fún pẹlẹbẹ. Mo tú píìpù tọ́ìlì ń gbà kúrò ní tọ́bò lọ sísàlẹ̀, ha, nǹkan dúdú ti gan pa síbẹ̀, ó le bí èédú, ihò tó kù ò ju kí ìṣó kọjá lọ. Píìpù yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í wò, kò sì sí pọ́ǹpù kankan tó ń ti ọ́ìlì níbẹ̀, ṣe ló kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀, tí ọ̀nà bá dí tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì tún ń dá a padà, ibo ló fẹ́ gbà? Á gba ara sílì inú tọ́bò kọjá ni, tọ́bò tuntun gan-an ò lè ṣe nǹkan míì.

Mo sọ sọ́ǹpù (abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) kalẹ̀, mo fọ asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, mo pààrọ̀ àwọn hóòsì yẹn àti píìpù méjèèjì tọ́ìlì ń gbà wọ tọ́bò tó ń gbà jáde, mo da ọ́ìlì 5W-40 full synthetic sí i. A ṣíná, ó ṣì ń tú èéfín. Ọmọṣẹ́ mi ní "Ọ̀gá, kò lọ o", mo ní ọ́ìlì tó ti rin sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ jó tán ná. A gbé e lọ sójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, a tẹná fún un dáadáa, nígbà tá a dé mo jẹ́ kó dúró lójú kan tíná wà lórí bíi ti gósílóò, mo wá tẹ̀ ẹ́. Kò sí búlúù.

Mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà, tí wọ́n bá sì ti ọ̀nà jíjìn dé kí wọ́n má pa iná lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú kan kí tọ́bò kọ́kọ́ tutù, torí ọ́ìlì tó bá dúró sójú iná yẹn ló ń gan.