Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà tí A Bá Ń Wá Ẹ̀kọ́ Ayé Lára Òdòdó Inú Ọgbà

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Àkúrẹ́, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún, àwọn òdòdó tí ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti fìyà jẹ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rúdí. Àwọn ènìyàn a máa ya àwòrán wọn sórí fóònù, wọn a kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú àti àdúrà òwúrọ̀ sí i lábẹ́, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp. Àṣà tí ó dára ni. Àwọn baba ńlá wa náà wo òṣíbàtà lójú omi kí wọ́n tó fi í ṣàdúrà pé a óò máa lékè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi òṣíbàtà ṣàdúrà mọ òṣíbàtà dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, wọ́n sì ti rí i lójú omi ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí à ń fà yọ lóde òní ni a ti rò tán nínú yàrá kí a tó jáde lọ wá òdòdó tí a óò gbé e lé lórí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé, òun náà ló sì ń bí àwọn tí ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a mú sunflower ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé ó máa ń tẹ̀lé oòrùn kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n á sì fi èyí gba ọ̀dọ́ níyànjú pé kí ó máa tẹ̀lé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ síbi gbogbo. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Nígbà tí sunflower ṣì kéré ni ó máa ń yí orí láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn lójú ọ̀sán, tí yóò sì padà kọjú sí ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá ti dàgbà tán tí ó sì ti tanná, igi rẹ̀ á le, á dojú kọ ìlà oòrùn, kò sì ní yí mọ́. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé òdòdó tí ó dojú kọ ìlà oòrùn tètè máa ń móoru ní òwúrọ̀, àti pé kòkòrò oyin máa ń bà lé e ju èyí tí a yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn lọ. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú òtítọ́ yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ jìnnà: ìgbà kan wà fún yíyí kiri láti wá ìmọ̀, ìgbà kan sì wà tí ó yẹ kí àgbà ti mọ ibi tí òun dojú kọ, kí ó dúró síbẹ̀, kí àwọn tí ó nílò rẹ̀ lè mọ ibi tí wọn yóò ti bá a.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa wo òdòdó láti òkèèrè. Bougainvillea wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé ní Alágbàká, àdúgbò kan ní Àkúrẹ́, ó pupa fòò, òmíràn sì funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ fi ọwọ́ kan ohun tí ẹ̀ ń pè ní òdòdó náà, ẹ ó rí i pé ó gbẹ wérewère lọ́wọ́ bíi pépà, ó sì ní iṣan bí ewé ṣe ń ní, nítorí pé ewé ni lóòótọ́. Ewé mẹ́ta aláràbarà ni ó pagbo, inú agbo náà ni òdòdó gan-an wà, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ funfun, tí kò ju orí ìṣáná lọ púpọ̀. Àwọn ewé yẹn dà bí ẹlẹ́gbẹ́ aṣọ ẹbí tí ó yí ìyàwó ká lọ́jọ́ ìgbéyàwó: wọ́n ń pe ojú ayé wá síbẹ̀, kí a lè rí ẹni kékeré tí ó wà láàárín. Ẹni tí ó bá ti fi ìkánjú kọ̀wé nípa ẹwà òdòdó bougainvillea láìsún mọ́ ọn, ewé ni ó yìn, kò tilẹ̀ rí òdòdó.

Ara bougainvillea yìí kan náà ni mo ti máa ń rí àṣìṣe tí ó dùn mí jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń tanná jù lọ ní ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá ń bu omi fún un lójoojúmọ́, tí a sì ń da ajílẹ̀ sí i ní àdàjù, ewé tútù ni yóò máa yọ. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwàásù: ìyà ni ó ń mú ènìyàn tanná. Wọ́n á lọ bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tàbí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kí ó wo bougainvillea. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Hibiscus tí ó wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bougainvillea náà, bí omi bá wọ́n ọn, gbogbo ìrúdí rẹ̀ ni yóò já dànù kí ó tó là. Irú ìpọ́njú kan náà ni ó dé bá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀dá wọn yàtọ̀. Òdòdó kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún gbogbo ọgbà, kí a má tíì wá sọ ọmọ ènìyàn tí ó ń sunkún. Ẹni tí ó wà nínú ọ̀fọ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a jókòó, tí yóò bá a se oúnjẹ, tí yóò bá a pọn omi.

Má ṣe ka òdòdó tí ó jábọ́ sí òfò kí o tó mọ ìdí tí ó fi jábọ́. Ìyá kan ní àdúgbò wa gbin elégédé sí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Láràárọ̀ ni òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè ń là, bí ó bá di ọ̀sán wọn á pa ẹnu dé, wọn á sì já, kò sí èso kankan. Ìyá náà wí fún aya ọmọ rẹ̀ pé, “Ìyàwó wa, bá mi fà á tu, òdòdó lásán ni eléyìí ń yọ.” Ìyàwó náà bẹ̀bẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i.” Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni ó gba elégédé náà là. Akọ òdòdó ni elégédé sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, abo a sì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn òdòdó akọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn abo ni elégédé kékeré kan ti wà, ó rí róbótó, kódà kí òdòdó náà tó là. Kò sí akọ tí ó so èso rí, síbẹ̀ láìsí akọ, abo kò ní so.

Kòkó fi èyí hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì jẹ́ ohun ìtìjú díẹ̀ pé àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a ń pèsè kòkó ju ìpínlẹ̀ yòókù lọ ní Nàìjíríà, máa ń wá ẹ̀kọ́ lọ sọ́dọ̀ òdòdó rósì òkè òkun, nígbà tí òdòdó kòkó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ara igi rẹ̀ gan-an ni ó ti máa ń yọ, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹ̀ka, ó kéré púpọ̀, ó funfun, ó sì ní ìlà tí ó pupa díẹ̀. Igi kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lọ́dún, ṣùgbọ́n nínú 100, èyí tí yóò di èso kì í sábà tó 5. Èyí tí kòkòrò kò bá bà lé yóò já láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí ó bá sì dúró yóò gba nǹkan bí oṣù 5 sí 6 kí ó tó pọ́n. Àgbẹ̀ Ìdànrè tí ó rí òdòdó tí ó bo ilẹ̀ lábẹ́ igi kòkó rẹ̀ kì í pariwo pé ọdún ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀ yẹn, nítorí pé àwọn kan á mú ìṣirò yìí, wọ́n á ní kí ènìyàn sáà máa retí òfò. Ẹ bi ara yín ní ohun tí ó ń mú kí àwọn díẹ̀ yẹn dúró. Kòkòrò kan tí ó kéré ju ẹ̀fọn lọ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó, èyí tí ó ń mú kí èso so, láti òdòdó kan sí èkejì, inú ewé tí ó ń jẹrà nílẹ̀ àti èèpo kòkó ni ó sì ti ń bí ọmọ. Ẹni tí ó bá gbá abẹ́ kòkó rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àgbàlá ilé ti lé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ. (Èyí kò wí pé kí a fi èso tí àrùn ti mú sílẹ̀ nínú oko, ìyẹn gbọ́dọ̀ kúrò kí ó má bàa ran àwọn tí ó kù.) Nínú ayé tiwa náà, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a tó gbá ohun gbogbo tí kò dára lójú dànù.

Ní ti fífi àkókò òdòdó kan wé ti òmíràn, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Hibiscus a là ní àárọ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Tannáposó kì í là títí di ọjọ́ rọ̀, á máa ta sánsán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, á sì padé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá lọ wò ó ní agogo méjìlá ọ̀sán kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kì í tanná.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀ pátápátá, òun ni fífi òdòdó dẹ́rù ba àwọn obìnrin. A máa ń gbọ́ ọ níbi àpèjẹ, kódà nínú ilé ìjọsìn, pé obìnrin dà bí òdòdó, pé bí ó bá pẹ́ kí ó tó lọ́kọ, yóò rọ. A tún ń fi patanmọ́ kọ́ ọmọbìnrin pé kí ó máa tijú, kí ó sì máa panu mọ́. Ẹ tún patanmọ́ wò. Omi tí ó fà sẹ́yìn ní oríkèé ewé rẹ̀ ni ó mú kí ó padé nígbà tí ọwọ́ bá kàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan yóò tún là, ẹ̀gún rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òdòdó tí ó rọ, ẹ lọ bi àwọn ìyá tí ó ń se ọbẹ̀ ìṣápá. Òdòdó ìṣápá kì í pẹ́ rárá tí ó fi ń rọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá rọ tán ni èèpo tí ó dì í mú á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tí yóò sì sanra. Èyí ni a ń ká, tí a ń fi ẹ̀gúsí sè, tí a fi ń jẹ iyán. Kò sí ẹni tí ó ń se òdòdó tí ó là náà.

Àṣìṣe tí ó kù kan àwọn olùkọ́ àti òbí tí ó ń kó ọmọdé wọ inú ọgbà láti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fa omi dídùn inú òdòdó ixora mu ní kékeré, ọmọ tí ó bá sì ti mọ adùn yẹn lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òdòdó rí. Oleander, tí ó rẹwà tí a sì ń gbìn yí ilé ká, ní májèlé láti gbòǹgbò dé òdòdó, májèlé náà sì máa ń ba ìlù ọkàn jẹ́. Allamanda aláwọ̀ ìyeyè náà ní oje funfun tí ó lè mú ara yún ènìyàn, tí ó sì lè mú inú run ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe rán ọmọ pé kí ó lọ já òdòdó èyíkéyìí tí ó bá wù ú wá. Ẹ yan èyí tí ẹ mọ̀, bíi hibiscus, òdòdó ilá tàbí ti ìṣápá, láti inú ọgbà tiyín, kì í ṣe láti ara ògiri aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wò ó ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó máa sọ ohun tí ó rí fún yín kí ẹ̀yin tó sọ ohunkóhun, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.