Ẹ má wọ bàtà eré sísá wọ kọ́ọ̀tù tẹ́níìsì mọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá tẹ́níìsì l'Abẹ́òkúta níbí, àṣìṣe tí mo ń rí jù lẹ́sẹ̀ yín ni bàtà eré sísá. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, a sì máa ń rò pé kánfáàsì ṣáà ni gbogbo wọn. Rárá o. Ẹni tó ń sá síwájú nìkan ni wọ́n ṣe é fún, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, fóòmù rẹ̀ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ní tẹ́níìsì ẹ̀gbẹ́ la máa ń sá sí, ẹ óò sáré sọ́tùn-ún, ẹ óò dúró gbì, ẹ óò tún yí sósì, ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ dúró yẹn gan-an ni bàtà á ti dojú dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹsẹ̀ tèmi ṣe rọ́, kókósẹ̀ wú débi pé ìbọ̀sẹ̀ ò fẹ́ bọ́ mọ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra òkìríkà, èmi náà ń rà á ní Láfẹ́nwá, àmọ́ ẹ má kàn wo pé ó ń dán. Ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ di imú rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, tó bá lọ́ wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ fi èékánná wo etí sóòlù bóyá gúlù ti gbẹ. Ẹ wo imú náà dáadáa torí tẹ́ ẹ bá ń ṣe sáàfù, ìyẹn gbígbá tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń wọ́ nílẹ̀, sìmẹ́ńtì á sì dá a lu tí rọ́bà tó le ò bá gun orí ẹ̀. Èyí tó ní kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́, orí kọ́ọ̀tù koríko bíi ti ìdíje Wimbledon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà fún, kò ní pẹ́ jẹ tán níbí. Ìlà bí egungun ẹja lẹ fẹ́.

Ẹ má wọ̀ ọ́ wò láàárọ̀, ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tó bá dìrọ̀lẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń gbá ni kẹ́ ẹ wọ̀ sí i, kí ààyè tó tó fífẹ̀ àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú. Àwọn tó ń tà á á ní yóò fẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn jàre, èékánná ló máa dúdú.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ra èyí tó tóbi fọ́mọ kó lè dàgbà bá a, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú ẹ̀.

Tèmi, inú ọ̀rá ló máa ń wà, sílípáàsì ni mo fi ń gun ọ̀kadà dé kọ́ọ̀tù.