Bí a ṣe du iṣẹ́ akọ̀wé ní USCIS

Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ló mọ USCIS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, láti iwájú kọ́ńtà: fọ́ọ̀mù, owó fọ́ọ̀mù, ìka títẹ̀, ká sì máa retí lẹ́tà. Ti ẹ̀yìn kọ́ńtà ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ló gba púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣí àpòòwé, tó ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, tó ń to fáìlì, tó sì ń kó o ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ kékeré tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dá sílẹ̀ du irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wa sì tẹ̀ ẹ́. Ibi ìṣirò owó ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni mo gbà pé a ti jẹ iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìkànnì ìjọba fún àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kété tí orúkọ yín bá hàn níbẹ̀ ni àwọn kan á máa kọ̀wé sí yín pé kí ẹ sanwó káwọn bá yín parí rẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ibẹ̀ la ti ń gba UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ iléeṣẹ́ tó rọ́pò nọ́ńbà DUNS ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022. Orúkọ iléeṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ IRS, àjọ owó orí, mu régí, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa sọ ìforúkọsílẹ̀ náà dọ̀tun lọ́dọọdún. Nọ́ńbà NAICS, èyí tó ń sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, tí a dù lábẹ́ rẹ̀ ni 561110, ìyẹn iṣẹ́ àbójútó ọ́fíìsì. Nígbà tí a du ú, iléeṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 12.5 dọ́là lọ ni òfin ń kà sí kékeré níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ ká lè wọ ìdíje tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn kéékèèké.

Nígbà tí ìwé ìpè náà, èyí tí ìjọba fi ń pe àwọn tó fẹ́ du iṣẹ́, jáde, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn kà á." Ẹ̀ka M la kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ ni ìjọba ti sọ ohun tí wọ́n máa fi yan ẹni tó jẹ, àti èyí tó wúwo jù nínú wọn. Ẹ̀ka L ló tẹ̀ lé e: iye ojú ìwé, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka C, tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, la kà gbẹ̀yìn, òun la sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Òfin kò gbà kí agbaṣẹ́ṣe ṣe ìpinnu tó jẹ́ ti ìjọba. Akọ̀wé wa lè ṣí fáìlì, ó lè wò ó bóyá ojú ìwé pé, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé kí wọ́n fún lágbájá ní gíríìn káàdì tàbí kí wọ́n má fún un. Nítorí náà, dípò ká máa pọ́n ara wa lé pé a já fáfá, a kọ ọ́ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀: bí ohun tó gba ìdájọ́ bá yọjú, ta ni akọ̀wé máa gbé e fún, báwo ló ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀. A tún kọ bí a ṣe máa kọ́ wọn ní òfin 8 U.S.C. 1367, tó dá ààbò bo ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkọ tàbí aya lù bolẹ̀ àti àwọn tí wọ́n fi ṣòwò ẹrú. Ẹni tó bá jẹ́ kí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ jáde lè ti ọwọ́ rẹ̀ fa ikú. (Láàárín kíkà yìí ni mo mọ̀ pé inú ihò òkúta lábẹ́ ilẹ̀ ní Lee's Summit, ìpínlẹ̀ Missouri, ni ibùdó àkójọ fáìlì USCIS wà. Bóyá fáìlì tèmi náà wà níbẹ̀.)

Ó wá ku owó. Òfin Service Contract Act ti ọdún 1965 ló ń darí iṣẹ́ yìí. Wọ́n so ìwé owó-iṣẹ́ ti agbègbè náà mọ́ ìwé ìpè, ó sì dárúkọ ipò kọ̀ọ̀kan: General Clerk I, II, III, Data Entry Operator, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú iye tí a kò gbọ́dọ̀ san dín sí. Ẹni tó bá fi akọ̀wé ipò II sí ipò I kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀ ń wá ẹjọ́ ni. Owó ìlera àti àjẹmọ́nú tún wà lórí rẹ̀: nínú ìwé oṣù Keje ọdún 2024, dọ́là 5.36 ni fún wákàtí kan, tàbí 4.93 bí kọ́ńtíráàtì bá wà lábẹ́ àṣẹ ìsinmi àìsàn, èyí tó ń fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan fún ọgbọ̀n wákàtí tó bá ṣe, títí dé 56 lọ́dún.

Ìsinmi ọdọọdún ló jẹ wá lógún jù. Bí akọ̀wé bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbẹ̀ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ṣáájú wa, ọdún tó lò lọ́hùn-ún ni a ó kà mọ́ tiwa. Ẹni tí a gbà lánàá lè ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àgbà òṣìṣẹ́. Mo ṣírò bí ẹni pé ọ̀pọ̀ wọn ti pẹ́ níbẹ̀, iye wa sì gòkè díẹ̀. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Kọ́ńtíráàtì náà jẹ́ ti ọdún kan, ìjọba sì lè fi ọdún mẹ́rin kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó akọ̀wé lọ́dọọdún. Ó ní, "Ìwọ náà wo ọjà, ṣé ohun kan wà tó ń wálẹ̀?"

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ka FAR 52.222-43."

Ìpín yẹn, nínú ìwé òfin tí ìjọba fi ń ra ọjà àti iṣẹ́, ní agbaṣẹ́ṣe ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò fi ohunkóhun pamọ́ sínú iye rẹ̀ de àlékún tí ìjọba máa san padà. Bí ìwé owó-iṣẹ́ bá gòkè, a ó béèrè ìyàtọ̀ owó òṣìṣẹ́ àti owó orí tó tẹ̀ lé e. Kò sí èrè lórí rẹ̀. Ó kà á tán, ó pa ìlà náà rẹ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Iléeṣẹ́ ńlá kan fẹ́ bá wa dà á pọ̀, kí orúkọ wa wà níwájú kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Nínú ìdíje tí wọ́n yà sọ́tọ̀ báyìí, owó tó máa lọ sọ́dọ̀ irú wọn kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ ń béèrè pé ṣé a kò bẹ̀rù ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bá ti ọ́fíìsì pa nítorí ìjà ìsúnà. Owó fọ́ọ̀mù ló ń gbé bíi ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúnà USCIS, nítorí náà ìjà yẹn kì í sábà dá púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn dúró. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí fọ́ọ̀mù má wọlé. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tó lé ní 13,000 lọ jókòó sílé láìgbowó, kí wọ́n tó fagi lé e ní oṣù Kẹjọ.

A fi ìwé wa ránṣẹ́ ṣáájú gbèdéke, torí èyí tó bá pẹ́, wọn kì í sábà wò ó. A buwọ́ lu gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé ìpè. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwa la jẹ, àyẹ̀wò ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ ló kàn, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó ti fáìlì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìjọba ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san owó lẹ́yìn tí ínfọ́ìsì tó pé bá dé ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni òfin ní ká sanwó fún akọ̀wé. A ti gba lẹ́tà lọ́dọ̀ báńkì pé wọn á yá wa lówó, a sì ti fi í sínú ìwé ìdíje níbi tí ẹ̀ka L ti béèrè bí apá wa ṣe ká iṣẹ́ náà tó. Owó yẹn la fi san owó-iṣẹ́ oṣù àkọ́kọ́.